Kẹ́hìndé mi ò fẹ́ rí èèyàn mọ́: ṣé ìtìjú ni, àbí kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà?

Ìyá Ìbejì Kétu · Àìkú, 21:40

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà ọyẹ́.

Ìbejì ọkùnrin ni mo bí, wọ́n ti pé ọmọ ọdún 14. 4ème, ìyẹn ọdún kẹta, ni wọ́n wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbí ní Kétu, ilẹ̀ Benin, kíláàsì wọn yàtọ̀ síra. Táyé ò níṣòro, ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́. Kẹ́hìndé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n ó máa ń bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, ó sì máa ń tẹ̀ lé àbúrò bàbá rẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń lu ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ní báyìí kò lọ síbì kankan. Tó bá ti ilé ìwé dé, yàrá ló ń wọ̀. Tí àlejò bá wọlé, á gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, inú á máa run ún. Mo ti fún un ní oògùn aràn, mo ti se àgbo fún un, pàbó ni. Tó bá di Sátidé, inú ò ní run ún mọ́.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé lálẹ́ yìí: mo ń fọ kakí rẹ̀ ni mo bá owó nínú àpò. Igba fúráǹkì tí mo ń fún un láràárọ̀ kó fi ra àtàsí nígbà ìsinmi, ti gbogbo ọ̀sẹ̀ pé síbẹ̀ pérépéré, 1,000 fúráǹkì. Mo ní ṣé ebi ò pa á ni. Ó ní èrò máa ń pọ̀ nídìí oúnjẹ. Ó ní ìyá olóúnjẹ máa ń bi òun pé "kí lo fẹ́?" lójú gbogbo èèyàn.

Bàbá wọn ní kí n fi í sílẹ̀, pé ọmọkùnrin tó ń bàlágà ni. Kí lẹ̀yin rí sí i?

Ọmọ Ìdènà · Àìkú, 22:05

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Òótọ́ lọ̀rọ̀ bàbá wọn. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà rí nígbà tí mò ń bàlágà, mi ò lè wo ojú obìnrin kankan. Fóònù ni mò ń tà lọ́jà báyìí, ẹnu ni mo sì fi ń jẹun. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, wọ́n á kàn dákẹ́ díẹ̀, a ó ní àìsàn ni. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ ó rí i pé á jáde.

Ìyá Ìbejì Kétu · Àìkú, 22:11

Kò ní fóònù. Tèmi làwọn méjèèjì jọ ń lò.

Aránṣọ Àjàṣẹ́ · Àìkú, 22:38

Ìbejì kẹ̀! Ìgbà wo lẹ ti se ẹ̀wà fún wọn kẹ́yìn? Mi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà níbí ní Àjàṣẹ́, ọmọ rẹ̀ á máa dá sọ̀rọ̀, á máa dá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń bá a ṣeré. Wọ́n ti ṣètò tó yẹ. Ẹ kọ́kọ́ ṣe tilé ná, kẹ́ ẹ tó máa náwó ilé ìwòsàn.

Olùkọ́ Sábẹ · Ajé, 06:15

Ẹ kú àárọ̀ o. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Sábẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí nǹkan ṣe rí láti ọ̀dọ̀ tiwa.

Ọmọ tó ń pariwo, kí ọ̀sẹ̀ tó parí a ti ránṣẹ́ pe òbí ẹ̀. Ọmọ tó dákẹ́, "ọmọ dáadáa" la ń kọ sí ìwé èsì rẹ̀. Kíláàsì kún, ẹni tí kò bá yọ wá lẹ́nu, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi lè ṣe ọdún méjì kí ẹnikẹ́ni tó bèèrè ohun tó ń ṣe é.

Ọmọ onítìjú wà lọ́dọ̀ mi. Kì í nawọ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹnì kan tí wọ́n jọ ń jókòó. Tí mo bá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì lóun nìkan, á dá mi lóhùn. Nígbà ìsinmi, màá gbọ́ ẹ̀rín ẹ̀ lábẹ́ igi. Òmíràn wà tí iṣẹ́ tó kọ sínú ìwé mọ́ rekete, àmọ́ lọ́jọ́ tí mo bá ní kí wọ́n wá sójú pátákó, ìgbẹ́ á gbọ̀n ọ́n lójijì. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ níwájú kíláàsì, kò ní wá rárá. Ẹni kejì yìí kì í ṣe onítìjú lásán.

Ẹ má fi Kẹ́hìndé wé Táyé, Ìyá Ìbejì. Mo mọ̀ pé gbogbo ayé ló ń ṣe é fún yín látọjọ́ tẹ́ ẹ ti bí wọn. Kẹ́hìndé ti ọdún tó kọjá ni kẹ́ ẹ fi í wé. Ẹ wá dá mi lóhùn: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ta ni ẹnì kan ṣoṣo tó ṣì ń bá sọ̀rọ̀? Ṣé nínú ilé náà ló ti ń dákẹ́ àbí níta nìkan?

Ọmọ Ìdènà · Ajé, 07:02

Ọ̀gá, gbogbo ọmọ ló ń sá fún ojú pátákó.

Olùkọ́ Sábẹ · Ajé, 07:10

Gbogbo ọmọ ń sá. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń febi pa ara rẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ nítorí kó má bàa dá olóúnjẹ lóhùn.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́ · Ajé, 13:20

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmójútó. Nọ́ọ̀sì ni mí. Mi ò rí ọmọ náà, mi ò sì ní ti orí íntánẹ́ẹ̀tì sọ orúkọ àìsàn fún un. Àmọ́ ká ní iwájú tábìlì mi lẹ gbé e wá, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bèèrè ni pé: kí ló ti pa tì? Bọ́ọ̀lù ti lọ, ìlù ti lọ, oúnjẹ ọ̀sán ti lọ. Onítìjú lè má fẹ́ràn èrò, ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe kì í máa dín kù lóṣooṣù. Ti Kẹ́hìndé ń dín kù. Ìyẹn nìkan tó láti fi wá ìrànlọ́wọ́, ì báà má tíì lórúkọ.

Nípa iye ìgbà. Àwọn dókítà máa ń fẹ́ kí irú ìbẹ̀rù èèyàn yìí tó oṣù 6 kí wọ́n tó pè é ní àìsàn, ọjọ́ orí tó sì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ni irú èyí tí Kẹ́hìndé wà yìí. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ jókòó máa ka oṣù o. Tó bá jẹ́ pé ojú ọmọ fà ro lójoojúmọ́, tàbí tó ń kanra láìnídìí, tí oorun rẹ̀ dà rú, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀ ò dùn mọ́ ọn mọ́, tí gbogbo èyí sì ti tó ọ̀sẹ̀ 2, ó yẹ kẹ́ ẹ ti wà lọ́nà. Tó bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, tó ń fura pé wọ́n fẹ́ ṣe òun ní jàǹbá, ẹ má jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yẹn parí. (Aránṣọ, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ni mo fi sọ ọ́: ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó ń dá sọ̀rọ̀ yẹn yẹ kó rí dókítà, yálà ẹ ti ṣètò tilé àbí ẹ ò tíì ṣe é.) Tó bá sọ̀rọ̀ ikú, tàbí tẹ́ ẹ rí ojú abẹ lára rẹ̀ tó jẹ́ pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ gé e, ọjọ́ yẹn gan-an ni, kódà kó jẹ́ òru.

Inú rírun yẹn kì í ṣe irọ́. Ẹ̀rù máa ń mú inú run, ó ń mú orí fọ́, ó ń mú àyà lù kì-kì-kì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ọ̀lẹ. Wọ́n á tún yẹ àwọn nǹkan míì wò: etí rẹ̀, ojú rẹ̀, bóyá ó máa ń tẹjú mọ́ nǹkan fún ìgbà díẹ̀ bíi pé kò sí níbẹ̀ (ó lè jẹ́ irú wárápá kan tí kì í gbé èèyàn ṣánlẹ̀), bóyá ó ti ń lo tramadol, oògùn ìrora tí wọ́n ń tà káàkiri. Tó bá sì jẹ́ pé láti kékeré ni ọmọ ò ti mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹgbẹ́ ṣeré, tí ariwo ń dà á láàmú, tó ń fi ọjọ́ gbogbo sọ̀rọ̀ nípa nǹkan kan ṣoṣo, ẹ sọ ìyẹn náà. Àwọn ọmọ kan wà tí a kì í mọ̀ pé autisme ni (ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ láti ìgbà ìbí) títí wọ́n á fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, pàápàá àwọn ọmọbìnrin.

Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín ní Kétu ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Dókítà tó bá rí i níbẹ̀ ló máa kọ lẹ́tà tó bá yẹ kó lọ síwájú. Ilé ìwòsàn ńlá ti Ouémé-Plateau wà lọ́dọ̀ wa ní Àjàṣẹ́. Èyí tó wà fún ọ̀ràn ọpọlọ ní tiẹ̀ wà ní Jacquot, ní Kútọnu. Àwọn òṣìṣẹ́ CPS, ọ́fíìsì ìjọba tó ń ran ìdílé lọ́wọ́, tí wọ́n ti wá ń pè ní GUPS báyìí, náà máa ń gba ọ̀rọ̀ ọmọ. Tó bá sì jẹ́ pé wọ́n ń fìyà jẹ ọmọ níbì kan, 138 ni nọ́ńbà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ ọmọdé, ọ̀fẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣọ̀wọ́n. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nínú àwọn ọmọ ọdún 10 sí 19, ẹnì 1 nínú 7 ló ní ìṣòro ọkàn tàbí ọpọlọ kan.

Aránṣọ Àjàṣẹ́ · Ajé, 13:51

Jacquot! Nọ́ọ̀sì, ẹ rọra o. Tí ará Kétu kan bá rí wọn níbẹ̀, wọ́n á ní ọmọ ìbejì ti ya wèrè. Ta ló máa wá fọmọ fún un lọ́la?

Ìyá Ẹlẹ́pò · Ajé, 14:30

Aránṣọ, ẹ̀rù ẹnu ayé yìí ló fi ọ̀pọ̀ ọmọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ṣé ẹ ti gbọ́ nípa Grégoire Ahongbonon? Ketoukpé ni wọ́n ti bí i, nílẹ̀ wa níbí. Iṣẹ́ táyà ló ń ṣe ní Bouaké ní Côte d'Ivoire kó tó dá ẹgbẹ́ Saint Camille sílẹ̀, tó wá ń tú àwọn tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́gi nítorí àìsàn ọpọlọ. Ibùdó wọn kan wà ní Avrankou, ẹ̀yìn Àjàṣẹ́ níbí. Òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ ní gbangba pé ìbànújẹ́ bá òun nígbà kan débi pé òun fẹ́ pa ara òun. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní wèrè. Àwọn tí wọ́n pẹ́ nílé kí wọ́n tó gbé wọn jáde, àwọn lọ̀rọ̀ wọn ń le.

Àdúrà náà dáa o, èmi ò fi ṣeré. Kí wọ́n ṣáà má gbé ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ebi àti ẹgba lé ẹ̀mí jáde.

Bàbá Àjọkẹ́ · Ajé, 16:02

Mo fẹ́ fi ẹnu sí ọ̀rọ̀ etí. Ọmọ àbúrò ìyàwó mi ní Sábẹ níbí, wọ́n ní agbéraga ni, wọ́n á pè é kò ní dáhùn, kò ní bá ẹgbẹ́ jókòó. Etí ló ti ṣàn nígbà tó wà ní kékeré. Ó ń gbọ́ tó bá jẹ́ ẹnì kan ló ń bá a sọ̀rọ̀ nínú yàrá, àmọ́ tí ariwo bá ti wà, kò gbọ́ nǹkan kan, ó wá ń sá fún àwùjọ. Iwájú ni wọ́n gbé e jókòó sí ní kíláàsì báyìí. Tẹ́nu mi ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Adúmáadán · Ajé, 19:45

Ẹ̀yin màmá àti bàbá, mo kí yín o. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mo wà ní fásitì. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe máa ń rí fún ẹni tó wà nínú ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ gba-ẹ̀yìnkùlé-jáde yẹn ba èmi gan-an.

Agbo ilé wa ní Àjàṣẹ́ ní àgbàlá kan. Lọ́sàn-án, gbogbo àwọn àgbà ló ń jókòó síbẹ̀. Kí n tó wọ yàrá ìyá mi, mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ mọ̀ pé kíkí wa kì í ṣe "ẹ káàsán" lásán. Wọ́n á bèèrè ìyá mi, wọ́n á bèèrè ìwé mi, wọ́n á ní kí n sún mọ́ tòsí káwọn wò mí dáadáa. Láti orí kọ́nà ni àyà mi á ti máa lù, àtẹ́lẹwọ́ mi á tutù, màá máa tún un sọ lọ́kàn: ẹ káàsán bàbá, ẹ káàsán bàbá. Tí mo bá wá débẹ̀, ohùn á há. Ẹnì kan á ní, "Ọmọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́." Òmíràn á ní, "Ìyá ẹ̀ ni kò kọ́ ọ." Mo wá mọ bí mo ṣe lè gba ẹ̀yìn balùwẹ̀ kọjá. Wọ́n pe ìyẹn náà ní ìgbéraga.

Ọmọ tó ń bẹ̀rù èèyàn nílẹ̀ tiwa, àìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n máa ń kà á sí. Wọ́n á bá a wí, ẹ̀rù á pọ̀ sí i, kò ní kí èèyàn, wọ́n á tún bá a wí.

Psychologue, ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú ọkàn, ló ràn mí lọ́wọ́. Kò sọ fún mi pé kí n má bẹ̀rù. A jọ kọ ohun tó ń bà mí lẹ́rù sílẹ̀ ni, láti orí èyí tó kéré jù. Ìyá àgbà kan tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Òun nìkan ni kí n máa kí fún ìgbà díẹ̀, kí n sì dúró níbẹ̀ títí àyà mi á fi rọlẹ̀, kí n má sá. Lẹ́yìn ìyẹn, oníbúrẹ́dì. Àwọn bàbá àgbàlá ló gbẹ̀yìn. Ó tún ní kí ìyá mi yéé bá mi dáhùn: tí wọ́n bá ti bi mí ní nǹkan, ìyá mi ló ń fèsì, àánú ni, àmọ́ ó ń jẹ́ kí n gbà pé mi ò lè ṣe é. Ìyá Ìbejì, ta ló ń bá Kẹ́hìndé dáhùn?

Ìyá Ìbejì Kétu · Ìṣẹ́gun, 05:50

Táyé ni. Ọmọ mi, o ṣe gan-an. Mo ka tìẹ lẹ́ẹ̀mejì.

Mo bá Táyé jókòó lálẹ́ àná, ó sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Oṣù Kọkànlá ni. Olùkọ́ Faransé ní kí Kẹ́hìndé dìde kàwé, ohùn rẹ̀ ń là, ó han lójijì lórí ọ̀rọ̀ kan, kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ti ń fi fóònù gbà á sílẹ̀. Wọ́n fi sórí WhatsApp kíláàsì wọn. Láti ìgbà yẹn "Àkùkọ" ni wọ́n ń pè é. Tó bá kọjá, wọ́n á kọ bí àkùkọ. Nídìí oúnjẹ náà.

Ṣé ilé ìwé ni kí n lọ báyìí, àbí ilé ìwòsàn? Ohun tó fà á ṣáà ti hàn.

Olùkọ́ Sábẹ · Ìṣẹ́gun, 06:20

Ẹ lọ bá surveillant général, ẹni tó ń mójú tó ìwà àwọn ọmọ nílé ìwé, ẹ̀yin àti bàbá wọn, nígbà tí ọmọ wà ní kíláàsì. Ẹ ní kí wọ́n pa fídíò náà rẹ́, kí wọ́n sì pe àwọn tó ń kọ bí àkùkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òbí wọn. Ẹ má gbà kí wọ́n mú Kẹ́hìndé dúró síwájú kíláàsì kí wọ́n wá máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀. Mo ti rí i tí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ kan, ìyà kejì ni. Ẹ tún bẹ̀ wọ́n kí olùkọ́ Faransé jẹ́ kó kàwé fún òun nìkan ná.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́ · Ìṣẹ́gun, 07:05

Méjèèjì ni. Kódà tí wọ́n bá dákẹ́ lónìí, ìbẹ̀rù náà ti kúrò ní kíláàsì, ó ti dé ọ̀dọ̀ àlejò nínú ilé yín. Kò ní bá ẹ̀rín wọn lọ.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe lónìí. Ẹ bi í ní tààrà, lóun nìkan, bóyá ó máa ń wù ú kó kú. Ẹ má bẹ̀rù pé ẹ ó fi èrò yẹn sí i lọ́kàn. Bíbéèrè kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ara ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń fúyẹ́ pé ẹnì kan bèèrè. Ohunkóhun tó bá sọ, ẹ má pariwo lé e lórí, ẹ má sọ pé "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" kí ọ̀rọ̀ tó tán lẹ́nu ẹ̀.

Ìyá Ìbejì Kétu · Ìṣẹ́gun, 20:33

Mo bi í. Mo ń ro ẹ̀bà, òun ń bu omi fún mi. Ó dákẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ pa ara òun, ṣùgbọ́n tó bá di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, òun máa ń rò ó pé ì bá dáa kí ilẹ̀ má mọ́. Mo ní mo gbọ́. Mo ní kò dá wà. Mi ò mọ ohun tí mo tún sọ.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́ · Ìṣẹ́gun, 20:41

Ẹ ṣe dáadáa. Ọ̀la ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ má retí ọjọ́ mìíràn, ẹ sì sọ gbólóhùn yẹn fún dókítà bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Lálẹ́ yìí, kí oògùn òwú (èyí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò lóko), oògùn eku àti gbogbo oògùn ilé wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ bàbá wọn. Kí àgbà kan sùn sítòsí ẹ̀. Kì í ṣe Táyé, ẹ má sọ ọmọ di ẹ̀ṣọ́. Tó bá yí ọ̀rọ̀ padà lóru, tó ní òun fẹ́ ṣe é, ẹ gbéra lóru náà.

Ọmọ Ìdènà · Ìṣẹ́gun, 21:15

Ìyá Ìbejì, Kétu ni mo wà, mo ní alùpùpù. Tí ẹ bá fẹ́ ẹni gbé yín lọ láàárọ̀, ẹ kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀.

Ìyá Ìbejì Kétu · Ẹtì, 18:10

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ gbogbo yín. Ọmọ Ìdènà, ẹ ṣé, bàbá wọn ló gbé e lọ, èmi gun zém (ọ̀kadà) tẹ̀ lé wọn.

Dókítà bá àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ó ní kí àwa òbí bọ́ síta, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní ká wọlé. Ó ti yẹ etí rẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan. Ó béèrè oorun rẹ̀, oúnjẹ rẹ̀, ó béèrè bóyá ẹnì kan nínú ìdílé ti ní irú ẹ̀ rí. Àbúrò bàbá wọn onílù yẹn ni bàbá wọn dárúkọ, pé nígbà tó wà lọ́mọdé kì í bọ́ sójúde. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa gbọ́. Kò fún un ní oògùn. Ó kọ lẹ́tà sí psychologue kan ní Àjàṣẹ́, wọ́n ti fún wa lọ́jọ́, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Ká tó lọ, kí n máa mú un padà wá kí wọ́n rí i. Ọ̀rọ̀ oògùn òwú náà, ó sọ ọ́ bí Nọ́ọ̀sì ṣe sọ ọ́.

Ní ilé ìwé, wọ́n ní wọ́n ti pa fídíò náà rẹ́. Mo rí ẹni méjì tí wọ́n pe òbí wọn. Àwọn yòókù, mi ò mọ̀.

Mo ti sọ fún Táyé kó má ṣe bá a ra oúnjẹ. Inú bí i, ó ní ebi á pa á. Mo bi Adúmáadán léèrè: kí ni kó fi bẹ̀rẹ̀ ná, kí ọjọ́ psychologue tó pé?

Adúmáadán · Ẹtì, 18:42

Màmá, ẹ jẹ́ kó mú un fúnra ẹ̀. Ohun tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù lára èyí tó ń bà á lẹ́rù. Ẹ má yàn án fún un. Tí ò bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kó tó débẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ di oúnjẹ fún un láti ilé.

Aránṣọ Àjàṣẹ́ · Ẹtì, 19:20

Nọ́ọ̀sì, mo ti fi ohun tẹ́ ẹ kọ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ yẹn á pé 17 lóṣù tó ń bọ̀. Ṣé Àjàṣẹ́ níbí náà ni kó ti bẹ̀rẹ̀ àbí Avrankou?

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́ · Ẹtì, 19:31

Àjàṣẹ́ níbí, láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ẹni tó ń gbé pẹ̀lú ẹ̀ bá a wá. Kó kọ ọjọ́ tí ìdá-sọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, àti gbogbo àgbo tí wọ́n ti fún un mu.

Ìyá Sàkétè · Ẹtì, 21:02

Ẹ kú alẹ́ o. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ Àìkú. Tèmi obìnrin ni, ọmọ ọdún 16, kì í sùn lóru mọ́. Ṣé mo lè bèèrè tèmi níbí?

Olùkọ́ Sábẹ · Ẹtì, 21:09

Ẹ ṣí tiyín lọ́tọ̀, màmá, kó má bàa dà pọ̀ mọ́ ti Kẹ́hìndé. Ẹ kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ohun tó ti pa tì. A ó bá yín níbẹ̀.